Bí A Ṣe Ń Ka Ìsọ̀rí Ààbò Dírọ́ọ̀nù àti Bàálù Àfiṣeré: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Wa ní Abuja àti Òkè Ọya

Dírọ́ọ̀nù kò ṣàjèjì mọ́ ní Abuja. Àwọn ẹbí tó wà ní London àti Houston ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ní Gwarinpa àti Kubwa, àwọn ayàwòrán òde ìgbéyàwó ń rà á fún iṣẹ́ wọn, àwọn ọ̀dọ́ tó nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ ẹ̀rọ sì ń fi fóòmù àti mọ́tò kékeré ṣe bàálù àfiṣeré fúnra wọn. Lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn dírọ́ọ̀nù tuntun, ẹ ó rí àmì kan tí wọ́n kọ C0, C1 tàbí C2 sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ẹ̀rọ tí àmì rẹ̀ bá kéré kò nílò àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èrò yìí léwu, pàápàá ní Òkè Ọya. Ohun tí àmì náà ń sọ ni bí ẹ̀rọ náà ṣe lè pa ẹni tó wà nísàlẹ̀ lára tó bí ó bá já lulẹ̀. Kò sọ pé kí ẹ gbé e sókè. Ìjọba Nàìjíríà ló ń fúnni láṣẹ ìyẹn, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà kéré tó.

Nítorí náà, ohun méjì ni ẹni tó ní dírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ mọ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì: ìsọ̀rí ẹ̀rọ rẹ̀, àti ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìsọ̀rí ni mo fi ṣáájú, nítorí pé ẹni tó bá ti lóye rẹ̀ dáadáa yóò mọ ohun tí yóò kọ sínú ìwé tó fẹ́ fi tọrọ àṣẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wọn ẹ̀rọ náà bí ó ṣe máa gbéra

Òṣùwọ̀n onínọ́ńbà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń lò ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà lé e pẹ̀lú gbogbo ohun tí yóò bá a gòkè: bátìrì, abẹ́bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, káàdì tí fídíò ń wọ̀, ààbò tó yí abẹ́bẹ̀ ká bí ẹ bá ń lò ó, títí kan iná kékeré tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n ìgbéra nìyẹn, òun sì ni gbogbo òfin ń wò. Iye tí wọ́n tẹ̀ sára páálí kò wúlò mọ́ ní kété tí ẹ bá ti fi nǹkan kún ẹ̀rọ náà.

Ilé-iṣẹ́ DJI ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn dírọ́ọ̀nù kékeré rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mini kí wọ́n má baà kọjá 249 gíráàmù, nítorí pé 250 ni ààlà ìsọ̀rí àwọn tó fúyẹ́ jù. Ẹni tó bá fi bátìrì ńlá tí wọ́n ń pè ní Plus sínú Mini 4 Pro ti kọjá ààlà náà, bẹ́ẹ̀ náà ni òbí tó fi ààbò abẹ́bẹ̀ sí i torí pé ọmọdé ló fẹ́ lò ó. Èmi kò ní kí ẹ yọ ààbò náà kúrò. Ìka ọmọ ṣe pàtàkì ju gíráàmù lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ wọn ẹ̀rọ náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ kọ iye tó jẹ́ sínú ìwé, kí ẹ sì máa lo òfin ìsọ̀rí tí ẹ̀rọ náà bọ́ sí báyìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ibi tí 250 gíráàmù ti wá

Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí òfin fi wà kì í pẹ́ tí yóò fi rú u, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ dúró díẹ̀ níbí. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà, ìyẹn FAA, kó ìgbìmọ̀ kan jọ láti dámọ̀ràn irú dírọ́ọ̀nù tó yẹ kí ẹni tó ni ín forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà bi ara wọn pé: bí nǹkan yìí bá já lu ẹnìkan lórí, báwo ni agbára rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó kí ó tó lè pa á? Wọ́n fi 80 júùlù ṣe òdiwọ̀n, júùlù sì ni orúkọ ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára. Wọ́n wá ṣírò rẹ̀ pé ohun tó wúwo tó 250 gíráàmù, tó ń já bọ̀ pẹ̀lú ìyára bíi mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò kàn nǹkan pẹ̀lú agbára tó súnmọ́ 80 júùlù. Láti inú ìṣirò yẹn ni 250 ti wá, orí ènìyàn sì ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Ẹ̀yin náà lè ṣe ìṣirò yìí fún ẹ̀rọ yín. Ẹ sọ ìyára rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ tún sọ iye tí ẹ bá rí di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀rọ náà ní kìlógíráàmù, kí ẹ wá pín gbogbo rẹ̀ sí méjì. Fún àpẹẹrẹ, 25 lọ́nà 25 jẹ́ 625. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.25, ó di nǹkan bíi 156. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 78. Kí ẹ lè mọ bí ìyẹn ṣe tó, mángòrò ńlá tó wúwo tó 400 gíráàmù, tó já láti orí igi tó ga ní mítà 10, ń balẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 39 júùlù. Ẹnikẹ́ni tí irú mángòrò bẹ́ẹ̀ ti já lù lórí rí yóò mọ ohun tí ìlọ́po méjì rẹ̀ lè ṣe.

Ẹ kíyè sí i pé ìyára wọ inú ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí ìwọ̀n wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ìwọ̀n bá di ìlọ́po méjì, agbára náà di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí bàálù àfiṣeré tí wọ́n fi fóòmù ṣe fi máa ń tan àwọn òbí jẹ. Wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á rí i pé ó fúyẹ́, pé ó rọ̀, wọ́n á sì sọ pé kò lè ṣe nǹkan kan. Bí ó bá wúwo tó kìlógíráàmù 1.2 pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, tí ó sì ń sáré mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 240 júùlù ló gbé dání. Ìyẹn ti di ìlọ́po mẹ́ta òdiwọ̀n tí a sọ. Fóòmù rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò àti bátìrì tó wà ní imú rẹ̀ kò rọ̀, imú yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ balẹ̀.

Àwọn ará wa tó wà ní Jos ní láti fi nǹkan kan kún un. Pápákọ̀ òfurufú Jos ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,290, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti etí òkun lọ ní nǹkan bíi ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó bá ń já bọ̀ níbẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́ tó nípọn tó láti dá a dúró, nítorí náà ó ń yára díẹ̀ sí i kí ó tó kanlẹ̀. Abẹ́bẹ̀ náà kò rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti tì, bátìrì á sì tètè rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà ní bèbè 80 júùlù ní Lagos kò sí ní bèbè mọ́ ní Jos. Ó ti kọjá rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka àmì tó wà lára rẹ̀

Ilẹ̀ Yúróòpù ló ṣe àmì C yìí, nínú òfin méjì tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 2019/945 àti 2019/947. Ti àkọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀rọ, èkejì sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ lò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń tà fún Yúróòpù àti fún wa, àmì náà ti dé ọjà Abuja, ó sì wúlò fún wa láti lóye rẹ̀ bí òfin náà kò tilẹ̀ jẹ́ tiwa.

C0 ni ẹ̀rọ tí kò tó 250 gíráàmù, tí ìyára rẹ̀ kò ju mítà 19 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. C1 ni èyí tí kò tó 900 gíráàmù, tàbí èyí tí wọ́n ti ṣe lọ́nà tí agbára rẹ̀ kò fi ní dé 80 júùlù bí ó bá kọlu ènìyàn. Ẹ rí i pé 80 yẹn ló tún padà wá. C2 kò tó kìlógíráàmù 4, ó sì gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnì kan tó ń sọ ọ́ di jẹ́jẹ́, kí ìyára rẹ̀ má ju mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. C3 àti C4 kò tó kìlógíráàmù 25. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjì yìí ṣe pàtàkì fún àwọn olùfẹ́ bàálù àfiṣeré, mo sì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè lẹ àmì yìí mọ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ló ń lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ fún yín pé C0 ni, tí ẹ kò sì rí àmì náà lára ẹ̀rọ tàbí nínú ìwé tó bá a wá, ẹ kà á sí ẹ̀rọ aláìlámì. Yúróòpù ní òfin fún irú èyí náà: aláìlámì tí kò tó 250 gíráàmù ń tẹ̀lé òfin àwọn tó fúyẹ́ jù, èyí tó bá sì ti tó 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé àti ènìyàn.

Ẹ̀rọ tó ti Amẹ́ríkà wá lè máà ní àmì C rárá. Lọ́hùn-ún, 250 gíráàmù ni ààlà ìforúkọsílẹ̀ fún ẹni tó ń fi í ṣeré, ẹ̀rọ tó bá sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kéde nọ́ńbà rẹ̀ lójú òfurufú, tàbí kí wọ́n lò ó ní pápá tí FAA ti yà sọ́tọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti UK0 dé UK6 láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, wọ́n sì ti sọ ààlà fún ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò awakọ̀ kalẹ̀ sí 100 gíráàmù. Ìforúkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe ní London kò bá dírọ́ọ̀nù náà wọ Nàìjíríà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo ẹni tó wà nísàlẹ̀

Àmì C sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Ibi tí a ti lè lò ó ní ìpín mẹ́ta nínú òfin Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní A1, A2 àti A3. A1 ni ti C0 àti C1: a lè súnmọ́ ènìyàn, C0 sì lè kọjá lórí ẹnìkan tàbí ẹni méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo C1 kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gba orí ẹnikẹ́ni tí kò sí nínú eré náà. A2 ni ti C2: ó gbọ́dọ̀ fi mítà 30 jìnnà sí àwọn ènìyàn, tàbí mítà 5 bí bọ́tìnì jẹ́jẹ́ bá wà ní títẹ̀. A3 ni ti C3, C4 àti ẹ̀rọ aláìlámì tó wúwo: kò gbọdọ̀ sí ènìyàn níbẹ̀ tí kò sí nínú eré náà, ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 150 sí ilé gbígbé, ọjà, ilé-iṣẹ́ àti ibi ìgbafẹ́. Nínú gbogbo wọn, mítà 120 sókè ni òpin, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀rọ náà, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ fóònù nìkan.

Òfin kan wà tí ìsọ̀rí kankan kò yọ sílẹ̀: ẹ kò gbọdọ̀ fò lórí àpéjọ. Òfin náà kò ka iye ènìyàn. Ó bi wá léèrè bóyá àwọn tó wà níbẹ̀ fún pọ̀ débi pé wọn kò lè yà kúrò lójú ẹsẹ̀ bí nǹkan bá ń já bọ̀. Ẹ fi ìbéèrè yìí wo òde ìgbéyàwó tiwa. Wọ́n ti to tábìlì mọ́ra wọn, kánópì ti bo àwọn àlejò lójú kí wọ́n má rí òkè, ìlù ń dún, kò sì sí ẹni tó lè gbọ́ ìró abẹ́bẹ̀. Nígbà tí ìyàwó bá jáde, tí gbogbo ènìyàn yí i ká láti náwó, ìgbà yẹn gan-an ni ayàwòrán máa ń fẹ́ mú dírọ́ọ̀nù wá sí òkè orí wọn, torí pé àwòrán náà dára jù nígbà yẹn. Ìgbà yẹn náà ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ló rí pẹ̀lú àwọn tó kírun Jímọ̀ kún ojú ọ̀nà, àti ìjọ tó ń jáde lẹ́yìn ìsìn. Àlejò tó wọ aṣọ ẹbí kò tíì di ara eré yín. Ẹni tí ẹ ti ṣàlàyé ewu náà fún, tó gbà láti wà níbẹ̀, tó sì mọ ohun tí yóò ṣe bí ẹ̀rọ bá já, òun nìkan ni òfin kà sí olùkópa.

Ohun tí mo ń gba àwọn ayàwòrán nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n ya òde náà láti ẹ̀gbẹ́. Òdiwọ̀n kan tó rọrùn wà fún un: bí ẹ̀rọ bá ga ní mítà 40, kí ó fi mítà 40 ó kéré tán jìnnà sí ẹni tó súnmọ́ ọn jù lọ. Bí ẹ bá fẹ́ súnmọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Kí ẹ sì bá onínàáwó sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti dé ni yóò máa fi dandan lé e pé kí ẹ gbé e wá sí àárín.

Ẹ tún rántí pé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ni a fi ń ka mítà 120. Fóònù tí a fi ń darí dírọ́ọ̀nù ń ka gíga láti ibi tí ó ti gbéra. Abuja sì kún fún òkè àti àpáta. Ẹni tó bá gbéra láti orí òkè Katampe, tí ó wá lọ sí orí àfonífojì, yóò máa rí 100 lójú fóònù nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ga ju ìyẹn lọ púpọ̀ sí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bàálù àfiṣeré tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe

C4 ni ìsọ̀rí tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí bàálù àfiṣeré. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára C3 ni pé kò gbọdọ̀ lè darí ara rẹ̀; ẹ̀rọ inú rẹ̀ lè bá awakọ̀ mú kí ó dúró déédéé, ṣùgbọ́n kò lè gba ọ̀nà tí a ti tò sílẹ̀ fún un, kò sì lè fúnra rẹ̀ padà wálé. Ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ara rẹ̀ sínú bàálù fóòmù ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Èyí tí ẹ bá ṣe fúnra yín kò ní àmì. Bí kò bá tó 250 gíráàmù tí ìyára rẹ̀ kò sì tó mítà 19, A1 ló wà. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, A3 ni, ìyẹn ni pé pápá tó jìnnà sí ilé ló yẹ ẹ́. Pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́ tó wà láàárín ilé kò tó.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fò. Rìmóòtù ìgbàlódé ní ètò tí a ń pè ní failsafe, tó ń sọ fún bàálù ohun tí yóò ṣe bí kò bá gbọ́ ohùn rìmóòtù mọ́. Ẹ tò ó kí mọ́tò kú pátápátá. Kí ẹ sì dán an wò lórí ilẹ̀: kí ẹnìkan di bàálù mú dáadáa láti ẹ̀yìn abẹ́bẹ̀, ẹ jẹ́ kí mọ́tò máa yí jẹ́jẹ́, ẹ pa rìmóòtù, kí ẹ wo bóyá mọ́tò á dúró. Bí kò bá dúró, ẹ má fò lọ́jọ́ náà. Bàálù tó sá lọ pẹ̀lú mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ lè lọ jìnnà réré, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí yóò já sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà

Ìwé àdéhùn Chicago ti ọdún 1944, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ti sọ ọ́ nínú abala kẹjọ pé ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀ nínú kò gbọdọ̀ fò lójú òfurufú orílẹ̀-èdè kan láìgba àṣẹ pàtàkì. Ní Nàìjíríà, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, ìyẹn NCAA, ló ń fúnni ní àṣẹ náà. Ní ọdún 2016, NCAA kéde pé ẹnikẹ́ni tàbí ilé-iṣẹ́ kankan, títí kan ilé-iṣẹ́ ìjọba, kò gbọdọ̀ gbé dírọ́ọ̀nù sókè láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ìyọ̀ǹda láti Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Ìwé méjì nìyẹn. Ọ̀kan kò gba iṣẹ́ èkejì.

Ìwé mìíràn tún wà kí ẹ̀rọ tó wọlé rárá: ìwé ẹ̀rí ẹni tí yóò lò ó, tó ń wá láti ọ̀dọ̀ Olùdámọ̀ràn kan náà. Àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù máa ń gba dírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹni tí kò ní in, ní pápákọ̀ òfurufú àti ní èbúté. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ fún ẹbí yín ní òkèèrè pé kó fi ọ̀kan sínú àpótí rẹ̀ wálé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè nípa ìwé yìí.

Ẹ kọ lẹ́tà sí NCAA kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ sókè, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ eré ni ẹ fẹ́ fi í ṣe. Ibí ni gbogbo ohun tí ẹ ti kà sókè yóò ti wúlò. Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín, irú ẹ̀rọ náà àti nọ́ńbà ara rẹ̀, ìwọ̀n ìgbéra tí ẹ wọ̀n fúnra yín, ìsọ̀rí tó wà lára rẹ̀ bí ó bá ní, ìyára rẹ̀ tó ga jù, ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún, ibi tí ẹ fẹ́ lò ó gan-an, bí yóò ṣe ga tó, àti ẹni tí yóò darí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi í pawó ní láti bèèrè nípa ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́ tí NCAA ń pè ní ROC. Kí ẹ fi sùúrù sí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ òde náà dáadáa. Ìwé tó ń gba ọ̀dọ̀ elétò ààbò kọjá kì í ṣe ohun tí a ń sáré gbà lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó.

Mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí ní Òkè Ọya. Àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń lo dírọ́ọ̀nù ní Ìlà Oòrùn Àríwá, ní oṣù Kìíní ọdún 2025 sì ni ẹ̀ka ọmọ ogun òfurufú ti Operation Hadin Kai fi òfin de lílo dírọ́ọ̀nù láìgbàṣẹ ní agbègbè náà, ìyẹn Borno, Yobe àti Adamawa. Sójà tó rí ohun kékeré kan tó ń fò bọ̀ lókè bárékè kò lè mọ̀ láti ìsàlẹ̀ pé 249 gíráàmù ni, pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń darí rẹ̀. Ní Abuja, ẹ má súnmọ́ agbègbè Aso Rock, ilé aṣòfin, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ, bárékè, ọgbà ẹ̀wọ̀n, àti ọ̀nà tí bàálù ń gbà balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe. Àwòrán ilẹ̀ inú fóònù dírọ́ọ̀nù lè máà fi àmì sí gbogbo ibi wọ̀nyí. Pé ẹ̀rọ náà gbà láti gbéra kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fún yín láyè.

Lẹ́yìn ìwé ìjọba, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Ní èsítéètì, alága èsítéètì ni. Ní abúlé, ẹ lọ kí mai anguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, ẹ fi ẹ̀rọ náà àti ìwé yín hàn án, kí àwọn ará abúlé má baà rí i lókè láìmọ ẹni tó ni ín. Bí kámẹ́rà yín bá sì ń ya ojú ènìyàn tàbí inú àgbàlá ilé, òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 kàn yín. Nílùú tí ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin ti ń gbé ní ẹ̀hà, kámẹ́rà tó yọjú wo inú àgbàlá lè dá ìjà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ òfin.

Ìgbésẹ̀ keje: Ojú ọjọ́, àti ọjọ́ ìfò

Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo òfurufú Kano, Kaduna àti Abuja, nígbà mìíràn kì í jẹ́ kí bàálù ńlá pàápàá lè balẹ̀. Òfin ní kí ẹ fi ojú rí ẹ̀rọ yín. Bí eruku bá ti gbà á lójú yín ní mítà 200, ibẹ̀ ni òpin yín lọ́jọ́ náà. Eruku náà ń wọ inú mọ́tò, nítorí náà ẹ tẹ́ nǹkan pẹlẹbẹ sílẹ̀ fún un láti gbéra. Ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, ooru ń kọjá 40 ní ọ̀pọ̀ ìlú Òkè Ọya, 40 sì ni òpin ooru tí ilé-iṣẹ́ kọ fún ọ̀pọ̀ dírọ́ọ̀nù kékeré. Ẹ fò ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ má sì fi bátìrì sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí oòrùn ń pa.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ wo abẹ́bẹ̀ kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti sán. Ẹ dúró kí ẹ̀rọ mọ ibi tí ó wà kí ó lè mọ ibi tí yóò padà sí. Ẹ tò gíga ìpadàbọ̀ rẹ̀ kí ó ju igi, òpó iná àti òpó fóònù tó wà nítòsí lọ. Kí ẹnìkejì dúró tì yín láti máa wo òkè nígbà tí ẹ bá ń wo fóònù, kí ó sì máa ṣọ́ àwòdì, torí pé àwòdì máa ń kọlu dírọ́ọ̀nù. Bí ẹ bá gbọ́ ìró hẹlikópítà tàbí bàálù tó ń fò nísàlẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bátìrì ṣẹ́kù tó ìdá kan nínú mẹ́ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Bí ẹ̀rọ bá já lulẹ̀, ènìyàn ni ẹ óò kọ́kọ́ lọ wò. Bí ó bá ṣe ẹnìkan léṣe, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sì fi tó ọlọ́pàá àti NCAA létí pẹ̀lú ìwé àṣẹ yín. Ẹ má gba agbára sínú bátìrì tó bá ti wú tàbí tó ti tẹ̀. Ẹ gbé e síta sínú àwo irin tó ní yanrìn, jìnnà sí ilé àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, torí pé ó lè gbiná lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́, ibi, ìwọ̀n ẹ̀rọ, bí atẹ́gùn ṣe rí àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kan náà tí ẹ kọ ìwọ̀n ìgbéra sí ní ìgbésẹ̀ kìíní, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ náà wọ̀n lẹ́yìn àtúnṣe, nítorí pé abẹ́bẹ̀ tuntun àti gọ́ọ̀mù lè ti gbé e kọjá ààlà.